Bí akéwì ṣe lè sọ òtítọ́ fún akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwa mẹ́sàn-án la jọ ń kọ ewì Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ń jẹun nídìí rẹ̀ nínú wa. Àwọn kan wà ní Kétu, ẹnì kan wà ní Ṣábẹ; orí fóònù la ti ń fi ewì ránṣẹ́ sí ara wa, a sì máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ewì yòówù tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá, “ó dára, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ” là ń sọ. Ní oṣù tó kọjá, àgbà kan nínú wa sọ fún ọmọkùnrin tó kéré jù láàárín wa pé ohun tó kọ kì í ṣe ewì rárá, pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà kò ti fèsì sí nǹkan kan mọ́. Báwo ni kí á ṣe máa sọ òtítọ́ fún ara wa tí ẹgbẹ́ kò fi ní tú? Ṣé ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ewì ẹlòmíràn wò?

Ìdáhùn

Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí pé bí a bá dáhùn rẹ̀ tán, àwọn yòókù yóò rọrùn. Ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ewì ẹlòmíràn wò, àwọn baba wa sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó dé Àjàṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, ẹni tí ó ṣe àkójọ ìjálá lẹ́nu àwọn ọdẹ tí ó sì kọ nípa rẹ̀, ṣàlàyé pé bí ọdẹ kan bá ń sun ìjálá níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n sun lè gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe lójú gbogbo èrò. Bí ẹnì kan bá fi Ìrè ṣe ilé Ògún, ẹlòmíràn lè dá a lóhùn pé Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Kò sì di dandan kí ẹni tí a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe panu mọ́. Òun náà lè fi ohùn ìjálá fèsì pé ojú òun ni ó ṣe, tàbí pé kí ẹranko kọ̀ọ̀kan máa gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ nínú igbó.

Ẹ kíyè sí ohun tí olùtúnṣe yìí fi ọwọ́ kàn. Kò sọ pé ẹlẹgbẹ́ òun kò mọ ìjálá sun, kò sì sọ pé ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ìjálá. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo ló mú jáde nínú ohùn tó ń lọ lọ́wọ́, ó sì sọ èyí tí òun gbà pé ó tọ́. Nítorí náà, ẹni tí a wí mọ ibi tí a ti mú un, ó sì rí ilẹ̀ tẹ̀ láti jà fún tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Ṣábẹ tó di aṣojú orílẹ̀-èdè Benin ní UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, tí ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ náà láti 2007 sí 2009, tẹnu mọ́ ọn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ewì alohùn wa ní ọ̀nà àríwísí tirẹ̀, tí kò yẹ kí a fi ti ìwé kíkọ rọ́pò. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewì àpilẹ̀kọ ni ẹ̀yin ń kọ, mo rò pé ọ̀nà yẹn lè gbà yín ju ìlànà èyíkéyìí tí ẹ lè rí kà lọ.

Èrò mi lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín yín lè ya àwọn kan lẹ́nu. Lójú tèmi, àgbà tó ní ohun tí ọmọ náà kọ kì í ṣe ewì, àti àwọn tó ń sọ pé “ó dára” láti ọjọ́ yìí wá, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kò sí èyí tó fi ọwọ́ kan ìlà kankan nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ mọ̀ ọ́n: oníbàárà tó wọ aṣọ tuntun, tó ní “ó dára”, tó sì bá tirẹ̀ lọ, àti èyí tó ní “kò dára” tó sì jù ú sílẹ̀, kò sí èyí tó kọ́ yín ní nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó ní abíyá ń fún òun nígbà tí òun bá gbé ọwọ́ sókè ni ẹ lè wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Líle ọ̀rọ̀ àgbà náà dun ọmọ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó lé e lọ ju líle lọ: wọn kò fún un ní ohun tó lè gbé dání lọ sílé. Bí a bá ní “ìlà kẹrin rẹ kò jọ pé ìwọ lo kọ ọ́”, ó lè bínú lálẹ́, kí ó sì tún ìlà kẹrin wò lówùúrọ̀. Bí a bá ní kì í ṣe ewì, kí ni yóò tún wò?

Ìyìn lásán sì ní ewu kan tí ìbáwí kò ní. Nígbà tí a bá ti sọ “ó dára” fún ewì mẹ́wàá léraléra, kò sí ẹni tó tún lè mọ èyí tó dára nínú wọn, ẹni tó kọ ọ́ sì máa ń fura, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé bóyá wọn kò tilẹ̀ kà á dópin.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bíi ti àwọn tí mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí a mú ewì kan kí a fi ọwọ́ bà á. Èmi ni mo ṣe é jọ fún ìdáhùn yìí, kí n má baà gbé ewì ẹnikẹ́ni síta láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ń kọjá lọ́wọ́ mi lemọ́lemọ́:

Ìyá mi lọ sọ́jà Ouando,
Ó ru igbá, ó gbé àtùpà.
Ìyà jẹ ẹ́, ìṣẹ́ jẹ ẹ́, òṣì ta á.
Ìyá mi dára bí òdòdó,
Ojú mi kún fún omijé,
Ọlọ́run, jọ̀wọ́ bá mi kẹ́ ìyá mi.

Ẹni tó bá sọ pé ewì yìí wọ òun lọ́kàn kò purọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìyá a máa wọni lọ́kàn kí akéwì tó la ẹnu. Ẹni tó bá ní kò jinlẹ̀ náà kò purọ́. Ohun tí èmi yóò fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín fi ránṣẹ́ sí akéwì náà ni irú ọ̀rọ̀ báyìí: “Ìlà kejì ni mo ti rí ìyá rẹ. Igbá wà lórí rẹ̀, àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ láìjẹ́ pé o sọ ọ́ pé ilẹ̀ kò tíì mọ́. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, n kò rí i mọ́, ìyà àti ìṣẹ́ nìkan ni mo ń gbọ́. Kí ló wà nínú igbá náà?”

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé akéwì nìkan ló mọ èsì rẹ̀. Kì í ṣe pé kíkó ìyà, ìṣẹ́ àti òṣì léra burú fúnra rẹ̀. Àwítúnwí ni òpómúléró ewì wa, a kò sì lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí oríkì dáadáa, ẹ ó rí i pé bí ó bá to nǹkan mẹ́ta léra, ìkẹta a máa gbé ọ̀rọ̀ kọjá ibi tí ìkíní dé. Nínú ìlà kẹta yìí, ibi kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Ní ti òdòdó, ilé ẹ̀kọ́ ni a ti kó o. N kò tíì gbọ́ ọmọ ìyá kan ní Àjàṣẹ́ tó ń ki ìyá rẹ̀ lówùúrọ̀ tó sì pè é ní òdòdó; oríkì ilé tí wọ́n ti bí ìyá náà wà nílẹ̀, ó sì sàn ju òdòdó lọ níbi gbogbo.

Ká ní akéwì náà wá dáhùn pé ẹ̀kọ ló wà nínú igbá, pé ẹ̀kọ náà ṣì máa ń gbóná nígbà tí ìyá òun bá gbé e kúrò nílé, àti pé koríko ẹ̀bá ọ̀nà a máa rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewì rẹ̀ lè wá dà báyìí:

Ìyá mi lọ sọ́jà Ouando,
Ó ru igbá, ó gbé àtùpà;
Ẹ̀kọ gbóná lórí,
Ìrì tutù lẹ́sẹ̀.

A kò dárúkọ ìyà mọ́, kò sì sí ẹni tí kò ní rí i. Ẹ wá fetí sí ohùn rẹ̀. Nínú ìlà kejì, “igbá” parí sí ohùn òkè, “àtùpà” wà ní ohùn ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú ìlà méjì tó tẹ̀lé e, “gbóná lórí” gun òkè kò sì sọ̀ kalẹ̀, “tutù lẹ́sẹ̀” sì parí sí ìsàlẹ̀. Gbólóhùn méjèèjì dọ́gba ní ìhun, ohùn wọn sì ta kora: ọ̀nà tí òwe wa àti ẹsẹ Ifá ń gbà dùn létí nìyẹn, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn elédè mìíràn ń fi ìró ìparí ìlà ṣe. Akéwì yìí ti ń ṣe é nínú ìlà kejì láìmọ̀. Ẹni tó bá sọ èyí fún un ti ṣí i létí sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú, n kò sì mọ ìwúrí kankan tó ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí yìí. Mo kọ ìlà tuntun wọ̀nyẹn nítorí pé èmi náà ni mo ni ewì àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, ìbéèrè ni kí ẹ bi í, ẹ má bá a kọ ọ́. Ìlà tí a bá kọ fún ènìyàn kì í bá àwọn ìlà rẹ̀ yòókù gbé, bí ó tilẹ̀ dára jù wọ́n lọ, oní-ewì yóò sì máa tijú láti yọ ọ́ kúrò. Àdúrà tó parí ewì náà ńkọ́? Mo yọ ọ́ ní tèmi. Ẹlòmíràn lè ní kí ó dúró, nítorí pé ìwúre jẹ́ àṣà àtijọ́ nínú ewì wa, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, bí àdúrà náà bá ti jẹ́ èyí tí ìyá ẹlẹ́kọ yẹn nìkan lè gbà.

Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa ohùn yìí ló mú kí n fẹ́ rọ̀ yín pé kí ẹ má máa fi ewì ránṣẹ́ ní kíkọ nìkan. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí a kò bá sì fi àmì sí i, ohùn tó ta kora yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ yóò kà á bí ó ti rò, yóò sì yẹ ewì mìíràn wò tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ. Kí akéwì ka ewì rẹ̀ sókè, kí ó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ó sì fi ohùn náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé. Kí àwọn yòókù gbọ́ ọ kí wọ́n tó kà á. Ibi tí ahọ́n akéwì bá ti kọsẹ̀ nínú ohùn tirẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni ìlà ti ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ á sì gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ.

Àwọn ará Kétu tó wà nínú yín mọ ọ̀nà ìwúrí mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ yá lò. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, tó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ojú ọ̀sán, akọrin inú agọ̀ a kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa àti àwọn àgbà, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin tú àṣírí ìlú, yóò fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, yóò kìlọ̀ fún ẹlòmíràn. Kì í dá kọrin. Orin tó bá wọ èrò létí, wọn a gbè é, ilẹ̀ a sì mọ́ tán kí ó tó kúrò lẹ́nu wọn. Èyí tí kò wọ̀ wọ́n létí a kú síbẹ̀ láìsí ẹni tó bú u. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ó wà lára iṣẹ́ ọnà àtẹnudẹ́nu tó ta yọ láyé, ó sì wọ inú àkójọ àjogúnbá àjọ náà ní 2008, ṣùgbọ́n kò sí àjọ tó lè bá èrò gbe orin. Ní ti ẹgbẹ́ yín, ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ jáwọ́ nínú àwòrán àtẹ́wọ́ tí a ń tẹ̀ lórí fóònù. Bí ìlà kan bá dúró sí yín lọ́kàn, ẹ fi ohùn ara yín kà á padà fún akéwì náà, ìlà yẹn nìkan, láìfi ọ̀rọ̀ kún un. Yóò gbọ́ ìlà tirẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, yóò sì mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá sì kọjá tí kò sí ìlà kan tí ẹnikẹ́ni rántí láti gbè, ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù.

Mo gbọdọ̀ mẹ́nu ba àkọtọ́, nítorí pé mo mọ̀ pé ó ń dá ìjà sílẹ̀ níbi tí àwọn ará Benin àti àwọn ará Nàìjíríà bá ti ń kọ ewì pọ̀. Láti 1975 ni ìjọba Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè ilẹ̀ wa, òun ni ó mú kí a máa kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ, kí a sì kọ sh àti kp níbi tí wọ́n ń kọ ṣ àti p. Ẹni tó kọ kpɛ̀lɛ́ àti ẹni tó kọ pẹ̀lẹ́, ẹnu kan náà ni wọ́n fi kí yín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìyẹn sí àṣìṣe nínú ewì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ Faransé mọ́ lára débi pé ó ń kọ ou dípò u, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tọ́ ọ sọ́nà lẹ́yìn, kí ó má jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ nípa ewì tó fi òru kọ. Ẹ̀ka èdè náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kétu tàbí ti Ṣábẹ tó bọ́ sínú ewì kì í ṣe àbùkù. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni iyọ̀ ibẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ béèrè.

Faransé ṣe ohun mìíràn fún wa tó ju ti àkọtọ́ lọ. Àwọn tó kọ́ ewì ní ilé ẹ̀kọ́ ti há a sórí pé ìparí ìlà gbọ́dọ̀ dún bákan náà, àwọn mìíràn sì ń ka sílébù, bí ẹni pé ìlà onísílébù 12 ti àwọn akéwì Faransé ni a fi wọn ewì nílé ayé. Mo máa ń rí ewì Yorùbá tí akéwì ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sódì kí ó lè parí ìlà mẹ́rin sí “ayọ̀”, nígbà tí kò sí ìlà kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó nílò ayọ̀. Èmi kì í sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé, bí a bá yọ ìró ìparí yìí, kí ló kù tó so ìlà wọ̀nyí pọ̀? Bí èsì bá jẹ́ pé kò sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kò béèrè bóyá kí oní-ewì máa fèsì tàbí kí ó máa dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ óò bá a pàdé. Ní Amẹ́ríkà, nílé ẹ̀kọ́ àwọn òǹkọ̀wé tó wà ní Yunifásítì Iowa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, àti ní ọ̀pọ̀ ibi tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ ìṣe, àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí ẹni tó ni iṣẹ́ panu mọ́ títí àwọn yòókù yóò fi sọ tiwọn tán. Ìdí wà fún un: bí akéwì bá ti ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn, kò sí ẹni tó tún lè sọ ohun tí ewì fúnra rẹ̀ sọ fún òun. Àwọn ọdẹ wa ní tiwọn gbà kí ẹni tí a wí dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èmi yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí oní-ewì kọ́kọ́ dákẹ́ di ìgbà tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ti sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé “ojú mi ló ṣe, n kò ní yí i padà.” Ẹgbẹ́ tí akéwì kò ti lè kọ ìmọ̀ràn, ewì gbogbo wọn yóò jọra láìpẹ́. Ewì méjì lọ́sẹ̀ sì tó fún ẹni mẹ́sàn-án. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, “ó dára” ni ẹ ó tún padà sí, nítorí pé oúnjẹ òòjọ́ kò ní jẹ́ kí ẹ kà wọ́n dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni mo mọ̀ pé ó le jù nínú ẹgbẹ́ bíi tiyín. Báwo ni ọmọ ogún ọdún yóò ṣe sọ fún ẹni tó lè bí i lọ́mọ pé ìlà rẹ̀ kò dùn? Èdè wa ti pèsè ọ̀nà sílẹ̀. Ọmọdé tó bá pa òwe lójú àgbà a ní “tótó, ó ṣe bí òwe”, àgbà a sì ní kí ó pa òmíràn. Kò sí ẹni tó pàdánù ọlá nínú wọn. Kí àbúrò bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè nípa ìlà karùn-ún.” Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ní tiwọn láti ṣe, ohun tí mo sì rí ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni pé àwọn tó ń dájọ́ jù kì í gbé tiwọn wá. Ẹ fi í ṣe òfin pé ẹni tí kò bá gbé ewì tirẹ̀ kalẹ̀ fún odindi oṣù kan, kí ó máa gbọ́, kí ó máa gbè, kí ó má ṣe wí. Òfin yìí yóò kan gbogbo yín bákan náà, nítorí náà kò ní dà bí ẹni pé ẹnì kan ni ẹ fi ń dójú sọ.

Ohun méjì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ẹ tó yẹ̀ wò bí ewì. Bí ẹnì kan bá kọ nípa òkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ bá òun kẹ́dùn ni tàbí kí ẹ bá òun wo iṣẹ́, kí ẹ sì gba èsì tó bá fún yín. Èkejì ni ẹ̀sìn. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ló ń gbé ní Àjàṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ki òrìṣà nínú ewì yóò bá ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ pàdé. Kí ẹni tí kò bá lè yẹ ewì náà wò láìbá akéwì jà lórí ẹ̀sìn fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yín. Ẹ má ṣe kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́ láti máa bẹ̀ ẹ́, nítorí pé yóò tì í lójú lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì dójú ti àgbà yẹn náà. Kí ẹ lọ bá àgbà náà nílé, kí ẹ má fi fóònù bá a sọ ọ́, kí ẹ sì ní kí ó tún ewì ọmọ náà kà, kí ó mú ìlà kan tí òun lè béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìlà kan yóò wà. N kò tíì rí ewì akọ́ṣẹ́ tí kò ní ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí òun fúnra rẹ̀ pe ọmọ náà, kí ó ní “ìlà rẹ báyìí báyìí ni mo fẹ́ kí o kà fún mi, n kò gbọ́ bí o ṣe gbé ohùn rẹ̀.” Kò pọn dandan kí ó ní kó má bínú; ọmọ Yorùbá mọ ohun tó jẹ́ pé àgbà pe òun láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun. Bí ọmọ náà bá kà á, kí àgbà náà sọ ohun tí ó gbọ́ níbẹ̀ àti ohun tí kò gbọ́, kí ọ̀rọ̀ sì mọ síbẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Bí àgbà náà bá sì kọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pè é, kí ẹ má dúró di ọjọ́ ìpàdé.